Ohùn Yorùbá Lẹ́nu Dùùrù

(Ohùn dùùrù fún ìṣẹ́jú kan: Oyigiyigi, tí Fela Sowande kọ sílẹ̀. Kí ó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.)

Ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn, dùùrù ni, irú èyí tí fèrè rẹ̀ ga dé àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó kọrin sí i. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà nínú yín tí orí wọn ti ń mì, tí ẹnu wọn sì ti ń pe ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó pè é fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin ni. Ìyá tó bí ìyá mi ló máa ń wá mú mi lọ sílé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí a bá parí ìdánrawò. Aláró ni Ìyá Àgbà. Èékánná rẹ̀ kò funfun rí títí ó fi kú. Kò kàwé, kò sì mọ nóòtì orin kan ṣoṣo. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, yóò ká apá lé àyà, yóò máa tòògbé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn akọrin ti lọ, èmi ń kó ìwé orin jọ, bàbá atẹdùùrù wa sì dá nìkan jókòó, ó ń dán orin yìí gan-an wò. Mo ṣíjú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Àgbà tó ti dìde jókòó dáadáa. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo sún mọ́ ọn, mo sì gbọ́ pé oríkì Ọlọ́run ló ń pè, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é ní ìdájí kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí dùùrù bá gòkè, ohùn rẹ̀ a gòkè. Bí dùùrù bá wálẹ̀, òun náà a wálẹ̀. Ó dé ibì kan tí bàbá náà fi nóòtì wẹ́wẹ́ bo orin náà mọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà dákẹ́, ó dúró bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí orin náà tún yọ jáde lẹ́sẹ̀ dùùrù, nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní, “Ó ti padà dé.”

Bí a ṣe ń lọ sílé ni mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní orin oyìnbó yẹn. Ó wò mí. “Orin oyìnbó kẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ohun tó ń sọ ni?”

Èmi náà ti ń tẹ dùùrù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ìbéèrè yẹn kò sì tíì kúrò létí mi.

Fẹlá Ṣówándé ló to orin náà. Ẹ má ṣì í mú fún Fẹlá Aníkúlápó Kútì o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì, olórin sì ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ọdún 1905 ni wọ́n bí Ṣówándé, ọdún 1938 ni wọ́n bí Aníkúlápó. Àlùfáà ni bàbá Ṣówándé, Emmanuel Ṣówándé, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó, ọmọ náà kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Marina lábẹ́ Thomas King Ekundayo Phillips, ọ̀gá tó jókòó nídìí dùùrù ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Ibẹ̀ ló ti mọ dùùrù. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1930, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Iṣẹ́ ẹnjiníà kò rí i mọ́. Ó ń ṣeré jáàsì lóru, ó ń kọ́ dùùrù lọ́sàn-án, títí tí ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Organists, fi gbé oyè Fellow lé e lórí ní 1943, pẹ̀lú ẹ̀bùn ìdíje lóríṣìíríṣìí. Láti 1945 sí 1952, òun ni atẹdùùrù ní Kingsway Hall láàárín ìlú London. Ẹ ro bí ayé ṣe rí nígbà yẹn, kí ẹ tún wo ọmọ Ẹ̀gbá kan tó jókòó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀, tí àwọn oyìnbó ń kọrin sí ohun tó bá tẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún mi ni ohun tí ó ń fi dùùrù náà sọ. Kó tó di pé mo débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ilẹ̀ Skọ́tílándì, ká lè rí ibi tí orin tiwa ti yàtọ̀ sí tiwọn.

Ọkùnrin kan wà ní Edinburgh tó ń jẹ́ George Thomson. Akọ̀wé ni, orin sì ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ló ti ń kó orin àbáláyé àwọn ará Skọ́tílándì jọ, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ lóko, tí àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ. Ó fẹ́ kí orin wọ̀nyí wọ yàrá àlejò àwọn tó rí já jẹ, kí ọmọbìnrin ilé máa fi dùùrù gbè é, kí ẹlòmíràn máa fi ohun èlò olókùn tẹ̀ lé e. Ó wá ń kọ̀wé sí àwọn ògbógi aṣẹ̀dá orin ní ilẹ̀ òkèèrè, ó ń sanwó fún wọn, pé kí wọ́n bá òun wọ̀ ọ́ láṣọ. Haydn ṣe é fún un, ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin. Lẹ́yìn Haydn, ó kan Beethoven, ẹni tó wà ní Vienna tí kò fojú kan Skọ́tílándì rí láyé rẹ̀. Orin Skọ́tílándì márùndínlọ́gbọ̀n tí Beethoven tò fún Thomson jáde ní ìwé ní 1818.

Ohun kan wà nínú àdéhùn yẹn tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ohùn orin lásán ni Thomson sábà máa ń fi ránṣẹ́, kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún un. Beethoven bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, pé kó fi ọ̀rọ̀ orin ránṣẹ́ kí òun lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà mìíràn, wọn kò tíì rí ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ náà pàápàá. Robert Burns, akéwì ńlá wọn, ti bá Thomson kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ọ̀pọ̀ ohùn orin àtijọ́ kó tó kú ní 1796. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nítorí náà, orin kan lè jẹ́ orin ọtí lánàá, kó di orin olólùfẹ́ lónìí, ohùn náà kò sì ní yí padà. Aṣọ la bọ́, a tún wọ òmíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lókè tàbí nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní torí rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbọ́ mi mọ èyí dáadáa, nítorí dò, re, mí ni olùkọ́ fi ń kọ́ yín ní àmì ohùn. Ẹ pe orúkọ ìlú wa: Abẹ́òkúta. Re, mí, dò, mí, re. Ẹ pe Ẹ̀gbá: dò, mí. Ẹ pe orúkọ àpáta wa, Olúmọ: re, mí, re. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé yẹn, orin lẹ kọ tán un. Kí ẹnikẹ́ni tó mú gìtá tàbí dùùrù, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ lára, bí ọmọ ṣe ń bá ojú àti imú wáyé. Ẹni tó bá gbé ohùn náà gba ọ̀nà òdì ti sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan tí mo ṣe fúnra mi hàn yín. “Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún ọba.” Ọ̀wọ̀, dò, dò, méjèèjì wà nísàlẹ̀. Ká ní mo wá rí ohùn orin kan láti òkè òkun tó wù mí, mo ní kí àwọn akọrin fi kọ gbólóhùn yìí. Bí ohùn náà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín tó sì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀wọ̀ ti di ọwọ̀, ìgbálẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín tó sì gòkè, ó ti di ọwọ́. Ọ̀kan ní ká bu ọlá fún ọba, èkejì ní ká gbé ìgbálẹ̀ fún un, ẹ̀kẹta ní ká nawọ́ sí i. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀ o. Mo ti dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí n kò ní dárúkọ, tí ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè tó bi mí pé, “Bọ̀dá, kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ gan-an?” Ó ti ń kọ orin náà láti ọdún méjì. Kò gbọ́ ọ rí. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ.

Àwọn Ẹ̀gbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ru ẹrù yìí nílẹ̀ wa. Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nárì Townsend àti Crowther gbé iṣẹ́ ìhìnrere wọ Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, olórí wa, kó wa dé abẹ́ Olúmọ. Orin ìyìn tí wọ́n bá wá, ohùn rẹ̀ ti wà kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dé bá a. Wọ́n tú ọ̀rọ̀, wọ́n ka iye rẹ̀ kó bá iye nóòtì mu, wọ́n sì kọ ọ́. N kò bú wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ìyá wa sì fi orin wọ̀nyẹn gbàdúrà títí Ọlọ́run fi gbọ́. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò lè sùn sí i.

Josiah Jesse Ransome-Kútì ni etí rẹ̀ kò gbà. Ìgbẹ́ìn, nílùú wa níbí, ni wọ́n ti bí i ní 1855. Bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó ni. Àlùfáà olórin ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Dípò kó máa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin òyìnbó, ó lọ bá ohùn tí àwọn ènìyàn ti ń kọ lójúde, tí ìlù àti ijó ti mọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Jésù sí i. Ó mọ èdè náà débi pé ọ̀rọ̀ tuntun tó fi sí i ń rìn bí ohùn náà ṣe ń rìn. Ní 1922, nígbà tó ti sún mọ́ ọmọ àádọ́rin ọdún, ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní London, ó sì kọ orin tó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, pẹ̀lú dùùrù lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àwo náà, ẹ ó rí i pé dùùrù yẹn rọra ń ṣe ni, bí ẹrú tó mọ̀ pé ohùn ni olówó òun.

Nígbà tirẹ̀ náà ni Ṣóbò Aróbíodu, akéwì Ẹ̀gbá tí òun náà ń jẹ́ Ṣówándé, mú ohùn arúngbè, tí í ṣe ti awo Orò, tó sì fi kọ ewì onígbàgbọ́. Ẹ wo ìgboyà! Ohùn Orò, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde bá, ló wá di ohun tí tọkùnrin tobìnrin ń gbọ́ nínú ìwé. Ó yẹ kí n bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, torí ọ̀rọ̀ Ṣóbò kò ṣeé fi ẹnu lásán kọjá.

Ní 1953, Ekundayo Phillips, ọ̀gá Ṣówándé, tẹ ìwé kékeré kan jáde tó pè ní Yoruba Music. Ohun tó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ohùn ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tọ́ ohùn orin sọ́nà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ló kọ́ Ṣówándé ní dùùrù. Nítorí náà, nígbà tí Ṣówándé mú orin àbáláyé lọ síwájú dùùrù, ó ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Iṣẹ́ ẹni tó ń to orin ní ohùn mẹ́rin le lọ́nà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Àwọn oyìnbó fẹ́ràn kí báàsì máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí sópránò bá ń gòkè. Ó dùn létí wọn, ó sì dùn létí èmi náà. Ṣùgbọ́n bí báàsì bá ń pe ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú sópránò, tí ó sì ń gba ọ̀nà òdì lọ, sópránò ń sọ ọ̀wọ̀, báàsì ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yà mẹ́rin ti di ìlú mẹ́rin. Àwọn aṣẹ̀dá orin wa ti wá ọgbọ́n sí i lóríṣìíríṣìí. Àwọn kan jẹ́ kí ohùn gbogbo máa rìn pọ̀ lọ́nà kan, wọ́n a gòkè pọ̀, wọ́n a sọ̀ pọ̀. Àwọn kan jẹ́ kí ohùn kan máa lé, kí àwọn yòókù máa gbè é lọ́rọ̀ kúkúrú, bí a ti ń ṣe lójúde láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Akin Euba, ọ̀kan nínú wọn, fi orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà sí ẹnu olórin kan ṣoṣo, ó sì gbé gbogbo wàhálà tó kù lé dùùrù lọ́wọ́. Dùùrù kò sọ ọ̀rọ̀, ó lè lọ síbi tó bá wù ú.

Ṣówándé ní tirẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kúrò pátápátá. Nínú Oyigiyigi, tó tẹ̀ jáde ní 1958, kò sí akọrin. Orúkọ ni Òyígíyigì, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ńlá tí a fi ń pe Ẹni tí kò ṣeé ṣí nípò. Ṣówándé ṣe ìfáàrà, ó fi orin náà lélẹ̀ ní mímọ́, ó sì wá yí i padà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ títí: nígbà mìíràn orin náà wà lókè, nígbà mìíràn ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ atẹdùùrù. Lójú oyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá, orin tó dùn ni. Lójú Ìyá Àgbà mi, ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù kò ní bi mí pé báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe. Dùndún kò ní ẹnu. Awọ ni, igi ni, ọṣán ni. Àyàn a sì fi pe ọkùnrin láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn, onítọ̀hún a dáhùn. Ohùn nìkan ni ìlù ní, a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí Ṣówándé ṣe nìyẹn sí dùùrù olówó gọbọi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ Àyàn. Beethoven ní láti máa tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Thomson, nítorí ohùn orin tí ó gbà kò lè dá sọ fún un. Èyí tí Ṣówándé gbé dání ń sọ ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé, kí ló dé tí a óò fi mú orin wa lọ sínú dùùrù àlejò, ṣé ìlù tiwa kò tó ni? Wọ́n ti bi mí léèrè yìí lójú mi, nínú ìpàdé, tìbínú-tìbínú. Ìdáhùn mi wà ní Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta níbí.

Ẹ lọ sí Ìtọ́kú láàárọ̀, ẹ jókòó ti ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ oníko. Aṣọ funfun ló wà níwájú rẹ̀. Yóò ṣẹ́ aṣọ náà sókè pátí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìka fa awọ ara, yóò fi ìko yí i ká, yóò fà á le, yóò so ó. Ó ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan títí aṣọ odindi yóò fi hu kókó kéékèèké. Lẹ́yìn náà ló máa rì í bọ inú ìkòkò aró. Aṣọ náà a jáde bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni yóò wá sọ ọ́ di aró níṣojú yín. Ó tún rì í, ó tún sá a, ó tún rì í, tí yóò fi dúdú débi tó fẹ́. Ìgbà tó bá gbẹ ni yóò wá mú abẹ, yóò tú kókó wọ̀nyẹn. Gbogbo ibi tí ìko dì, aró kò débẹ̀. Funfun tó ṣẹ́kù yẹn ni iṣẹ́ ọnà. Bí kò bá so ó le, aró yóò wọlé, aṣọ náà yóò bàjẹ́, aró náà kò sì jẹ̀bi.

Nígbà tí àdìrẹ Abẹ́òkúta gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ṣé ẹ mọ ibi tí aṣọ funfun yẹn ti ń wá? Ìlú òyìnbó. Ẹ̀rọ ló hun ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Èkó, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó fojú kan àdìrẹ tó sọ pé aṣọ òyìnbó ni. Ọwọ́ tó so ó ló sọ ọ́ di tiwa. Dùùrù ni aṣọ funfun yẹn. Nóòtì rẹpẹtẹ tí Ṣówándé kó lọ́dọ̀ Bach àti lọ́dọ̀ àwọn olórin jáàsì ni aró. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ibi tí ó so. Ẹ gbọ́ Oyigiyigi náà dáadáa: aró yẹn pọ̀, ó dúdú, níbì kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù fún mi, ibi tí Ìyá Àgbà ti dákẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó so kò tú.

Iṣẹ́ Ṣówándé tí ayé mọ̀ jù, African Suite, ni ó kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn, ẹbí gòjé, pẹ̀lú háàpù. Kì í ṣe orin Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ohùn méjì ni ó gbà lọ́wọ́ Ephraim Amu ará Gánà, ẹni tí òun náà jìyà nílé ìjọsìn nítorí pé ó fẹ́ràn aṣọ àti orin ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, Akinla, orin háíláìfù ni tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń jó sí lóde àríyá. BBC gbé e sáfẹ́fẹ́ láti London sí àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Ẹ bá mi wò ó: orin tó gbéra létí òkun wa níhìn-ín, ó lọ sí London, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ níbẹ̀, ó sì gba inú asọ̀rọ̀mágbèsì padà wálé. Nígbà kan, àwọn ará Kánádà pàápàá mọ Akinla bí ẹni mowó, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni rédíò wọn fi lò ó láti ṣí ètò kan tó ń jẹ́ Gilmour's Albums. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbádùn rẹ̀ láì mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣówándé padà wálé ní 1953, ó di olórí ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Lẹ́yìn náà ló kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún sọdá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ohio ló kú sí ní 1987.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo lè wọ ìlú yìí lónìí, kí n béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin mẹ́wàá pé kí wọ́n kọ Handel fún mi, wọn yóò dìde, wọn yóò kọ ọ́ láì wo ìwé. Bí mo bá béèrè Ṣówándé, wọn yóò máa wo ara wọn. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́. Ìwé orin náà ni kò sí lọ́wọ́. Èyí tí èmi ń lò, ẹ̀dà ẹ̀dà ni, tí bàbá atẹdùùrù wa fi sílẹ̀ fún mi. Ìlà mìíràn ti parẹ́ lórí rẹ̀, mo fi bíró tún un fà. Mo bẹ ẹ̀yin tí agbára wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ilé ìjọsìn, ẹ̀yin ilé ẹ̀kọ́: ẹ jẹ́ kí àwọn ìwé wọ̀nyí wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń fi kọ̀ǹpútà to orin nínú yàrá yín, mo ń gbọ́ iṣẹ́ yín, ó sì ń wú mi lórí. Àmọ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan orin àbáláyé kan, ẹ wá ìyá àgbà kan lọ. Ẹ má kọ́kọ́ ní kí ó kọ ọ́. Ẹ ní kí ó pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín bí ẹni ń bá yín sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi àmì ohùn sí orí rẹ̀, dò, re, mí, má fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ní kí ó kọ ọ́ lórin, kí ẹ wo ibi tí orin àti ọ̀rọ̀ ti jọ rìn, àti ibi tí orin ti yà díẹ̀, nítorí orin àwọn baba wa pàápàá máa ń yà níbòmíràn, wọ́n sì mọ ibi tó gbà wọ́n láyè. Ẹ fi ìko so ibẹ̀ kí ẹ tó lọ po aró.

Àkókò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ Oyigiyigi náà, lódindi lọ́tẹ̀ yìí. Bí àgbà kan bá wà nínú ilé, ẹ pè é wá sí ìdí rédíò, ẹ má sọ orúkọ orin náà fún un. Ẹ kàn máa wo ẹnu rẹ̀.

(Dùùrù: Oyigiyigi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.)